Irin Tí A Lé Dé Ojú Ọ̀nà Ilé-Ogbó

Bàbá mi àtàtà,

Ọkọ̀ yín ti fẹ̀yìn rìn jáde ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì láàárọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó tì í.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé gíà rẹ̀ kì í gba ríbáàsì mọ́ tó bá ti gbóná. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń wá ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, kódà ní mọ́ṣáláṣí, tí ẹ ó kọjú ọkọ̀ sọ́nà ilé kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. A máa ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín nínú?

Lẹ́yìn tí ẹ papòdà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tà á. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Ọkọ̀ yìí nìkan ni wọ́n fẹ́ fi lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn l'Ólúpọ̀nnà. A wá fẹnu kò: bó bá gbé Màmá lọ tó sì gbé wọn bọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní í tà á mọ́.

A ra gíà tòkúnbọ̀. Mùfú, mẹkáníìkì yín, kò yí padà: ohun tó bá ṣì dára lára ti àtijọ́, kò ní jẹ́ kí a ra òmíràn. Ó fi bẹntiróòlù fọ páànù ọ́ìlì yín, torí ti tòkúnbọ̀ ti tẹ̀. Rọ́bà tí gíà jókòó lé náà ṣì le. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé kọnfátà yín, irin roboto tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, ó gbà á lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí, lẹ́búlẹ́bú irin ló kún inú ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ fi àìsàn ran tuntun ni?"

Àṣìṣe wa rèé. Ẹ mọ̀ pé níbí, mẹkáníìkì ló ni irin tó bá tú sílẹ̀. Mùfú ti ta gíà àtijọ́ fún málàmù tó ń fi ọmọlanke ra irin kiri, kí a tó rí i pé ìkọ́ tó ń di okùn gíà mú lára tòkúnbọ̀ kò bá ọkọ̀ yín mu. Ìkọ́ tiyín sì ti bá gíà lọ.

Mo gun ọ̀kadà, Mùfú gun òmíràn. A bá málàmù lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó, gíà yín wà lábẹ́ páànù òrùlé tó ti dípẹtà. Mùfú ti ń kígbe látòkèèrè.

"Málàmù, ẹ dúró! Ìkọ́ kékeré kan ni mo fẹ́ tú!"

"Ọ̀gá Mùfú, o tà á tán, o tún ń lé e. Ṣé ìyàwó ni?"

"Ìyàwó ni o! Ẹ bá mi gbé páànù yẹn kúrò."

Bàbá, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sétí títì. Báwo ni irin tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ṣe lè mú inú èèyàn dùn tó báyìí? Mo dì í mọ́wọ́ pinpin padà dé ṣọ́ọ̀bù. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mùfú fi gíà sí ríbáàsì, ọkọ̀ gbọ̀n díẹ̀, ó sì lọ.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tútù nìyẹn. Mùfú ti gbé Màmá lọ s'Ólúpọ̀nnà báyìí, kí ó lè gbóná dáadáa. Agboolé tóóró ni wọ́n ń lọ. Kò sí bí wọ́n ṣe máa jáde níbẹ̀ láìfẹ̀yìn rìn. Ó ṣèlérí láti pè mí bí wọ́n bá ti jáde. Fóònù wà níwájú mi.

Kò tíì pè.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.