Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Oko Mi?

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ìwé ìròyìn wa ní ìjọba ti gbé orúkọ gbogbo ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ àgbẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo lọ wò ó. Oko tí mo ti ń dá láti ọdún mọ́kànlá — ọ̀ọ́dúnrún éékà — orúkọ tí mo bá níbẹ̀ ni Merle Kubicek. Onílẹ̀ mi! "Ẹni tó ń dáko," ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Merle tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan katakata! Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú wá ń bí mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Òjò rọ̀, òjò ò rọ̀, mo ń san owó ilẹ̀ fún un. Òfin sì ṣe kedere: ẹni tí òfò oko máa já lé lórí ló ni owó ìrànwọ́. Èmi nìyẹn. Ọdún tí yìnyín lu àgbàdo mi mọ́lẹ̀, Ẹnu Dídùn — ohun tí mo ń pe Merle nìyẹn — sọ fún mi pé ilẹ̀ òun ò sí nínú ètò ìjọba. Mo gbà á gbọ́. Mo tún gbé kolache, búrẹ́dì aládùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yan, fún un. Ó jẹ mẹ́rin. Ọ̀dẹ̀ ni mí!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo pè é. Ohùn jẹ́jẹ́. Ó ní, "Arlys, ṣé torí ìwé lásán lo ṣe ń da ara ẹ láàmú? Àwọn tó ń wá ilẹ̀ pọ̀ nígboro o." Ó yé mi. Tí mo bá pariwo, ilẹ̀ lọ nìyẹn, mi ò sì ní ilẹ̀ míì. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ àgbẹ̀ tó ń bójú tó owó ìrànwọ́. Ohun tó bá fẹ́ dà, kó dà.

Ọjọ́bọ̀, 13

Iwájú ìgbìmọ̀ àgbẹ̀. Àwọn mẹ́ta, àwa àgbẹ̀ náà la dìbò yàn wọ́n. Ẹnu Dídùn ní òun fúnra òun ló ń wa katakata, pé òṣìṣẹ́ òun ni mí. Òṣìṣẹ́! Èmi! Ni Bàbá Emil Havranek, aládùúgbò mi tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, bá dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Níbí, ẹni tó bá pàdé ẹni lọ́nà oko gbọ́dọ̀ gbé ìka kan sókè kí i. Bàbá ní, "Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé ìka sí Arlys lórí katakata yẹn. Merle, ọjọ́ wo ni mo gbé ìka sí ọ rí?" Merle ní tí òun bá ń ṣiṣẹ́, òun kì í ráyè kí èèyàn. Yéè! Àgbẹ̀ tí kì í kí èèyàn, ní agbègbè wa! Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, títí kan ìgbìmọ̀.

Ọjọ́rú, 19

Ìwé dé. Mo jàre! Pátápátá! Kí Merle dá owó padà, kí wọ́n kọ orúkọ mi síbẹ̀. Mo jó nínú ilé ìdáná, tòun ti bàtà oko lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ìwé míì, láti ọwọ́ Ẹnu Dídùn. Ìkórè ọdún yìí ló kẹ́yìn, kí n wá ilẹ̀ síbòmíì. Mo sunkún. Mi ò kábàámọ̀ o.

Ọjọ́ Ajé, 31

Fóònù dún láàárọ̀. Verna, ẹ̀gbọ́n Merle lóbìnrin, láti ìlú Omaha. Òun ló ni ilẹ̀! Bàbá wọn ló fi í sílẹ̀ fún un, Merle kàn ń bá a bójú tó o ni. Òun náà lọ wo orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì rí àbúrò rẹ̀ níbẹ̀ tó di àgbẹ̀. Ó bi mí iye tí mo ń san lọ́dún. Mo sọ fún un. Ó ní ìdajì rẹ̀ ni Merle ń fún òun. Ó pariwo débi tí mo fi gbé fóònù kúrò létí.

Ó ní Merle ò ní í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn mọ́, pé kí n sọ iye ọdún tí mo fẹ́ kí òun kọ sínú ìwé àdéhùn ilẹ̀. Mo ki ara mi láyà, mo ní ọdún mẹ́wàá.

Ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

Mo ní méjìdínlọ́gọ́ta, mà.

Ó ní, "Gba ogún ọdún."