Bàbá Títílọpẹ́, Ọmọ Yín Ti Sọ Ọ́ Lójú Gbogbo Èèyàn

Ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún! Akínbọ́lá ọmọ Ṣàgámù, awakọ̀ bọ́ọ̀sì Princess Road níbí ní ìlú òyìnbó, ọkọ èmi Fúnlọ́lá, ọdún márùn-ún gbáko ni mo ti ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ẹ máa tó ti iṣẹ́ dé.

Wùnmí tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá ti wọ yunifásítì. Ilé Ṣàgámù ti parí. Àbúrò yín Toheeb ló dúró tì í títí wọ́n fi kan òrùlé, àwọ̀ tí ẹ ní ẹ fẹ́ náà la kùn ún. Ẹ ò wọ̀ ọ́. Ẹ ò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ rí lẹ́yìn ìpìlẹ̀.

Irú ìròyìn báyìí ni mo máa ń kọ sí yín lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń fi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀rọ̀ Títílọpẹ́ ni.

Ẹ rántí bó ṣe sọ ara rẹ̀ di ọlọ́pàá ilé nígbà tí Kòrónà dé. Ó wà ní ọdún kẹrin nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín nígbà náà. Òun ló kọ́ wa bí a ṣe ń fọ àárín ìka. Òun ló ń bá yín jà pé ìbòmú tí ẹ bá fà sí àgbọ̀n kò bo nǹkan kan. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa ń ní, “Dókítà mi ti sọ̀rọ̀. Ta ni mo jẹ́ tí màá fi já dókítà níyàn?” Ó ṣàlàyé fún wa pé ẹnu èèyàn niṣẹ́ àwọn wà, pé omi tí ẹ̀rọ eyín bá fọ́n lẹ́nu aláìsàn lè gbé àrùn kiri inú yàrá, nítorí náà kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó mọ ewu yẹn ju àwọn lọ.

Ó mọ̀ ọ́n, Bàbá Títí. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn olùwádìí kan fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ náà mọ̀ nípa àrùn yìí, àti bí wọ́n ṣe ń hùwà. Títí dáhùn tirẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná wa ní Blackley, mo ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́. Kò ṣi ọ̀kan ṣoṣo. Níbi tí wọ́n ti bi í bóyá ó máa ń yẹra fún àpéjọ, ó mú “nígbà gbogbo.”

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń lọ kàwé. Ilé Fàúsátù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stretford ló lọ. Ọjọ́ ìbí ni. Àwọn mẹ́sàn-án ló wà nínú pálọ̀ kékeré kan, wọ́n ti wíńdò pa nítorí òtútù, kò sẹ́ni tó bo imú. Dókítà eyín lọ́la ni gbogbo wọn!

Lọ́jọ́ Ajé, Fàúsátù fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé òun ti kó Kòrónà. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró sílé, kí wọ́n sọ fún àwọn ará ilé wọn. Títí kà á. Ṣùgbọ́n aláìsàn kan ń dúró dè é ní kílíníìkì lọ́jọ́rú, iṣẹ́ tí wọ́n máa fi dán an wò kẹ́yìn kí Kérésìmesì tó dé. Bó bá sọ, ọjọ́ mẹ́wàá ló máa fi jókòó sílé. Ara rẹ̀ sì yá gágá. Ó da fóònù dojú bolẹ̀.

Ó lọ sí kílíníìkì. Ó wọ aṣọ ààbò láti orí dé ẹsẹ̀, nǹkan kan ò ṣe aláìsàn náà. Ọ̀dọ̀ wa nílé ni kò ti wọ ohun ààbò kankan. Ó jókòó tì yín, ẹ jọ jẹ ẹ̀wà, ẹ ń bi í bí iṣẹ́ ṣe lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ láyà yín. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni áńbúláǹsì gbé yín lọ, wọn ò sì jẹ́ ká tẹ̀ lé yín. Nọ́ọ̀sì gbé fóònù sójú yín, ẹ bi Wùnmí bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu yín kẹ́yìn nìyẹn. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n pè wá. Ọgbọ̀n èèyàn péré ni wọ́n gbà láyè láti sin ẹni tí gbogbo ìjọ mọ̀!

Lẹ́yìn ìsìnkú, Títí kúnlẹ̀ nílé ìdáná, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó ní, “Mummy, èmi ni mo gbé e wálé.”

Mo ní, “Kúrò níwájú mi.”

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Mo ń se oúnjẹ sílẹ̀, mi ò pè é. Ó kọ̀wé fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kó lọ sinmi fún ọdún kan, mi ò bi í bí ó ti jẹ́. Bẹ́ẹ̀ dókítà tó tọ́jú yín ti sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí ẹ ti kó o. Èrò ń gun bọ́ọ̀sì yín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Awakọ̀ méjì ní gáréèjì yín ti dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn kan náà. Mo mọ̀! Lọ́jọ́ tí mo lé e kúrò níwájú mi, mo mọ̀, mo sì lé e.

Wùnmí ló là mí lójú. Ó ní, “Mummy, Daddy ti kú. Ṣé Títí náà ti kú ni?” Mo lọ kan ilẹ̀kùn Títí. Ó ti rù débi pé aṣọ ń já bọ́ lára rẹ̀.

Ó padà sí ẹ̀kọ́, ó parí. Dókítà eyín ni lónìí, Bàbá Títí. Dókítà gidi!

Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pè é kó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ lé e, mo jókòó lẹ́yìn pátápátá. Kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Ó dárúkọ yín lójú gbogbo èèyàn, ó ka ìdáhùn tó fi sí ìwé ìbéèrè ọjọ́sí, ó sì sọ ibi tó wà ní Sátidé yẹn. Ọmọbìnrin kan nawọ́, ó bi í pé ìyá rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó dárí jì í?

Títí wolẹ̀. Mi ò fìgbà kankan sọ fún un pé mo ti dárí jì í. Ọdún márùn-ún, mi ò sọ ọ́!

Mo dìde. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi tí ẹ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ sọ fún wọn pé èmi ni ìyá náà. Mo ní mo lé ọmọ mi kúrò níwájú mi fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ẹnikẹ́ni ò kó ìyẹn ràn mí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Mo ní mo ti dárí jì í, èmi náà sì ń tọrọ tèmi lọ́wọ́ rẹ̀. Títí gba àárín wọn wá bá mi, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Àárọ̀ kan ṣì wà tí mo máa ń rí i tí ọkàn mi á yigbì. Màá dúró díẹ̀, màá gbàdúrà, màá sì pè é ní Dókítà mi bí ẹ ṣe ń pè é, títí ọkàn mi á fi tẹ̀ lé ẹnu mi. Ó ń rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mò ń ṣe é, nítorí ẹ̀jẹ̀ yín ni.

Àárò yín kò lọ, Akínbọ́lá. Kò lọ, kò dín. A fẹ́ràn yín lánàá, a fẹ́ràn yín lónìí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù, lábẹ́ òrùlé kan, tí a sì ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀.

Fúnlọ́lá, ìyàwó yín,
Títílọpẹ́ àti Wùnmí, àwọn ọmọ yín.