Olè Tó Dá Òrùka Padà

Akínpẹ̀lú, ọdún mẹ́ta rèé tí o lọ. Ọdún mẹ́ta rèé tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ọ kúrò lára wa lọ́nà Ọ̀yọ́, ohùn rẹ kò sì tíì kúrò létí àwa ẹ̀gbọ́n rẹ.

Ìwọ tí ìwé ìtàn òyìnbó dùn mọ́ ju iyán lọ! Gbogbo ọmọ tí o kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ ìtàn olè tó dá ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà dúró, tó kó gbogbo ẹrù, tó wá tẹríba fún ìyàwó olówó, tó dá òrùka rẹ̀ padà fún un. Ibẹ̀ làwọn ọmọ máa ń pàtẹ́wọ́. O máa ń ní, "Olè tó mọ ìwà hù, ta ló lè kórìíra rẹ̀?" A sì máa ń fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ pé bó bá jẹ́ adìẹ tìrẹ ló jí, o ò ní pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sán gangan ni, ìwọ àti Leah ìyàwó rẹ ń bọ̀ wá sílé ní Ọ̀yọ́ nínú ọkọ̀ ìjàpá rẹ. Ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́bàá títì, ó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé òun. Leah ní kí ẹ máa lọ. O ní ẹni tó lè fi aṣọ funfun dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, ilé ire ló ti wá. Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú.

O dúró, o gbé e. Ó jókòó sẹ́yìn, ó ń pe Leah ní "Màmá mi", ó ń dápàárá. Leah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán nígbà tí ọmọkùnrin náà ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́ lọ́rùn. "Ẹ má bínú, sà," ló wí, ó sì tún gún ọ. Ẹ̀jẹ̀ tú sára gíláàsì, ọkọ̀ yà sẹ́bàá títì, ó dúró. Ó wọ́ ọ jù sínú koríko, ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó lọ́wọ́ Leah, ó wò ó, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹ lára rẹ̀. "Ẹ fi pamọ́, Màmá mi." Ó fi Leah sílẹ̀ níbẹ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ lọ. Wọn ò rí i mú títí dòní.

A ti kan òrùlé ilé rẹ. Leah ń ta òwú ìránṣọ lọ́jà Akẹ̀sán. Fọláhànmí ọmọ rẹ ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Leah kò rẹ́rìn-ín mọ́. Bí wọ́n bá dápàárá lọ́jà, ńṣe ló ń dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rín tó rín fún apànìyàn ló ń dùn ún.

Lóṣù tó kọjá, Fọláhànmí rí ìwé olè yẹn nínú àpótí rẹ, ó ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín. Leah fa àdá yọ. Ó já ìwé gbà, ó gbé e lé ìtì igi, ó ṣá a, ó tún un ṣá, ó ń pariwo pé, "Kú! Kú!" Ẹ̀rù bà wá. Fọláhànmí kò sá. Ó ṣa ìwé náà nílẹ̀, ó ká ọwọ́ kan sẹ́yìn bí o ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì, ó ń fi ohùn rẹ gan-an kà á, títí kan bí o ṣe máa ń ti imú pe orúkọ òyìnbó. Àdá bọ́ lọ́wọ́ Leah. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, ẹkún tẹ̀ lé e.

Leah ti lẹ ìwé náà pọ̀. Ó ti fọ òrùka, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ó ní ká jíṣẹ́ fún ọ: "Bàbá Fọláhànmí, olè inú ìwé yín ni mo dárí jì. Ti ojú títì, láéláé, mi ò ní dárí jì í. Ṣùgbọ́n mo ti gba ẹ̀rín mi padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ló ni ín."

Akínpẹ̀lú, àárò rẹ ṣì ń sọ wá. A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀.