Ọmọ Mi Ò Sọ Èdè Méjèèjì Mọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin olùgbọ́, mo kí yín láti Norcross, lẹ́bàá Atlanta.

Ọmọ Yorùbá ni mí, ọmọ Mẹ́síkò ni ìyàwó mi. Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọbìnrin wa ní Mọ́tọ́lá. Láàárín àwọn ará Mẹ́síkò, ayẹyẹ ńlá ni kí ọmọbìnrin pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó kan Mọ́tọ́lá lóṣù tó kọjá, ó ní èdè ìyá òun àti ti bàbá òun lòun máa fi dúpẹ́.

Bó ṣe ń fi ahọ́n òyìnbó sọ Spanish, èdè ìyá rẹ̀, àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àwọn Yorùbá ará ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó fẹ́ sọ pé, "Ẹ ṣé púpọ̀," ló bá sọ pé, "Ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀." Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Wọn ò ní ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọmọ gbé máìkì sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sọ ọ̀kankan mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Daddy, English nìkan ni mo lè sọ tí wọn ò ní fi mí rẹ́rìn-ín."

Ìyá ìyàwó mi ní Mẹ́síkò kò gbọ́ English rárá. Tó bá pè, Mọ́tọ́lá á mirí, á wọ yàrá lọ. Lọ́jọ́ Sunday, màmá náà ń sunkún lórí fóònù, ó ń bi ìyàwó mi pé, "Kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí?"

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ á fi rọ̀ ni, àbí kí n fi dandan gbé fóònù lé e lọ́wọ́? Màmá ti dàgbà o.