Ẹ Má Wọ́n Omi sí Ìpìlẹ̀ Náà Mọ́

Bàbá mi, ẹ káàárọ̀.

Ẹ má wulẹ̀ wọ́n omi sí ìpìlẹ̀ ilé gíláàsì ẹ̀yìnkùlé mọ́, a máa fọ́ ọ ni. Wẹ́dà gbé férémù dé láàárọ̀ yìí, férémù náà kò jókòó lórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé bí mo ṣe wọ̀n wọ́n, àmọ́ ìpìlẹ̀ náà wọ́. Ẹ kúkú sọ fún mi pé kí n na okùn láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, kí n tún na án láàárín igun méjì tó kù, kí n wò ó bóyá méjèèjì dọ́gba. Mo ní, “Bàbá, ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì.” Ẹ ò tiẹ̀ fi òwe àkísà ta mí, ẹ kàn rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Wẹ́dà bi mí pé, “Ta ló wọn rádaràda yìí?” Mo ní, “Bàbá mi ni.” Ó ní, “Háà, ogbó ti dé sí ọ̀gá káfíńtà!” Mo sì bá a rẹ́rìn-ín.

Mo ti lọ bá wẹ́dà náà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti jẹ́wọ́ pé èmi ni mo wọ̀n ọ́n, kó tó tú u síta. Tí ẹ bá gbọ́ ọ kí n tó dé, irọ́ ni mo pa mọ́ yín.

Mo ti gbé àga yín sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó dè mí pẹ̀lú okùn yín.