Ẹ̀kọ́ Ogun Tí Mo Kọ́ Kingsley

                                        Lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Lawrence,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Oríòkè-Ìwàmímọ́,
                                        Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 2025.

Ọmọ́yẹlé ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìyá tí ilé ẹ̀kọ́ fi ta mí lọ́rẹ,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dà á láàmú lọ́dún tó kọjá ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn rẹ tó lọ ṣe agùnbánirọ̀ lókè ọya? Mo gbọ́ pé òjò ti ń fọwọ́ kan ilẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ẹ kú ojú lọ́nà òjò, ẹ kú ìnáwó ilé. Mo mọ̀ pé o ti pè mí títí tó fi sú ọ. Fóònù mi ti wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò láti ìparí oṣù Kìíní, bí mo tilẹ̀ ní òmíràn, ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnu mi lè sọ lórí fóònù. Jọ̀wọ́, wá ibi jókòó kí o tó kà á síwájú.

O kò ní gbàgbé ìwé ogun tí mo máa ń kà nígbà tí ẹ̀yin yòókù ń ka ìwé ìfẹ́ lábẹ́ aṣọ ìbora ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ìfẹ́ yẹn kò kúrò lára mi. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì tí mo ń yan ẹja tà, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sùlèímánì ní Igbókọ̀dá ni mo ti ń ra bébà tí a fi ń di ẹja. Ìwé àlòkù ló máa ń kó wá láti Ìbàdàn, ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ dà nù, ìwé tí àwọn ọmọ olóògbé kó jáde kí wọ́n lè gba yàrá. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ ya ọ̀kan nínú rẹ̀ láti fi di ẹja ọ̀bọ̀kún, ni mo bá rí àwòrán ọkọ̀ ogun tó ń rì. Mo jókòó sórí agbọ̀n, mo kà á títí ẹja fi jóná lórí ààrò.

Láti ọjọ́ náà, Sùlèímánì kò jẹ́ kí wọ́n fi ìwé ogun di ẹja mọ́. Bó bá ti rí ọ̀kan, á yà á sọ́tọ̀, á ní, "Ìyá Tíṣà, mo tún ti bá yín rí ọ̀gágun kan." Kò mọ̀wé púpọ̀. Àwòrán ìbọn tó wà lẹ́yìn ìwé ló fi ń dá a mọ̀. Èyí tó sọ nípa bí orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn lò, fọ́tò àwọn ọkùnrin oníkóòtù tó ń bọ ara wọn lọ́wọ́ ló fi ń mọ ìyẹn. Kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣì í. Kó tó di ọdún tó kọjá, wọ́n ti lé ní igba lórí àjà mi. Ọ̀kan wà nínú wọn tí bàbá kan kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí, tó ní kó kà á dáadáa kó lè di aṣojú ìjọba lókè òkun. Mo máa ń ronú nípa ọmọ yẹn, bóyá ó kà á.

Wàyí o, Kingsley. O mọ̀ ọ́n, ọmọ Ọlálẹ́yẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Òun ló fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbé ọ kọjá odò nígbà tí o wá síbi ìsìnkú ọkọ mi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa ará Òbè-Olómi àti àwọn ará Ẹ̀yìn-Òsà tó wà lódì kejì, lórí ẹnu odò kan tí ẹja pọ̀ sí. Àwọn ní àwọn ló ni ín, a ní àwa la ni ín. Wọ́n gé àwọ̀n wa, a sun àtíbàbà wọn. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣá Táyé, ọ̀rẹ́ Kingsley tímọ́tímọ́, pa nídìí àwọ̀n rẹ̀. A sin ín láìrí orí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú yẹn ni Kingsley bẹ̀rẹ̀ sí í wá kàwé lọ́dọ̀ mi. Inú mi dùn. Mo rò pé ìwé ló fẹ́ fi pa ìbànújẹ́ rẹ̀ rẹ́, mo sì ti ń wá ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ìwé wọ̀nyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo kọ́kọ́ fún un ní ọ̀kan tó sọ bí orílẹ̀-èdè méjì tó ti ń jà láti ogójì ọdún ṣe jókòó pín ààlà ilẹ̀ wọn. Ó ṣí i, ó pa á dé. Ó ní, "Àǹtí, kò sí ìjà nínú èyí." N kò fi dandan mú un. Ìwé ogun ni mo ń gbé fún un lẹ́yìn ìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó bi mí bí àwọn tí kò pọ̀ ṣe lè ṣẹ́gun àwọn tó pọ̀ lórí omi. Mo sọ fún un nípa ọ̀gágun ilẹ̀ òkèèrè kan tó dúró títí omi fi fà sẹ́yìn kúrò nínú odò, tó dí iwájú, tó dí ẹ̀yìn, tí ọkọ̀ ọ̀tá kò fi rí ibi yí sí. Kò yé e. Ìwọ náà tíṣà ni, o mọ̀ pé bí nǹkan kò bá yé ọmọ, ohun tí ojú rẹ̀ ti mọ̀ la fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún un. Mo mú èédú nínú ààrò, mo ya odò tiwa gan-an sórí pákó ilẹ̀. Mo fi ìka mi lé ibi tó ti há jù, níbi tí igi ẹ̀gbà ti pọ̀ létí omi. Mo ní, "Bí àpẹẹrẹ, ibí yìí." Ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. Ó ní ó ti yé òun. Ọmọ́yẹlé, inú mi dùn bí inú tíṣà ṣe máa ń dùn.

Ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù Kìíní ni. Mo ń yí ẹja lórí ààrò ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo gbọ́ ìbọn. Kí n tó dìde lórí àpótí ni mo ti mọ ibi tó ti ń dún. Mo já okùn ọkọ̀ àjẹ̀ mi, mo sì wà á lọ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Kingsley àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gé igi ẹ̀gbà méjì dí ojú odò. Ọkọ̀ mẹ́ta àwọn ará Ẹ̀yìn-Òsà tó ń bọ̀ láti ọjà Igbókọ̀dá ti rì mọ́ ẹrẹ̀, ẹ́ńjìnnì wọn ń ké, ẹrẹ̀ nìkan ló ń ta sókè. Ọkọ̀ Kingsley àti òmíràn ti dábùú lẹ́yìn wọn. Wọ́n ti sọ fún un pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin Ẹ̀yìn-Òsà máa kó ìbọn bọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi kò rí ìbọn kankan nínú ọkọ̀ wọn. Ohun tí mo rí ni ìyá arúgbó kan tó fi agbọ̀n gààrí bo orí, tí ọta gba inú agbọ̀n náà wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Gààrí dà sí i láyà, ó sì pọ́n. Mo rí ọkùnrin kan tó bẹ́ sílẹ̀ láti sá, tí ẹrẹ̀ mú un dé itan, tó dúró síbẹ̀ bí òpó nígbà tí àwọn ọmọ wa ń bọ̀ wá bá a pẹ̀lú àdá. Wọn kò sáré, Ọmọ́yẹlé. Wọ́n mọ̀ pé kò síbi tó máa lọ. Mo mọ gbogbo wọn. Mo ti kọ́ mẹ́rin nínú wọn ní A, B, D.

Mo ń pariwo orúkọ Kingsley, ohùn mi kò tilẹ̀ jọ ohùn ènìyàn létí ara mi. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan dìde nínú ọkọ̀ kejì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Sùlèímánì ni. Ẹ̀yìn-Òsà ni wọ́n bí Sàlímátù ìyàwó rẹ̀ sí, wọ́n ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ ẹbí rẹ̀ kan níbẹ̀, ó sì di ìwé mi dání kó lè gbé e fún mi bó bá ń padà. Ó rí mi. Ó ní, "Èmi kì í ṣe ará ibí! Oníwèé ni mí! Ìyá Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn!"

Kingsley ló sún mọ́ ọn jù. Ó mọ̀ ọ́n, Ọmọ́yẹlé. Àìmọye ìgbà ló ti bá mi gbé ẹrù ìwé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọwọ́ tó nà sókè ni àdá kọ́kọ́ gé. Sùlèímánì wo ibi tí ọwọ́ náà wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Èkejì bá a láàárín ọrùn àti èjìká, ó sì ṣubú lu ẹrù rẹ̀. Okùn já, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lórí omi tó ti pọ́n.

Sàlímátù ti já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Mo fà á ní irun, mo fà á láṣọ, títí mo fi gbé e sínú ọkọ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Sunday ń rìn bọ̀ pẹ̀lú àdá rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ lé obìnrin náà lórí. Mo ní, "Sunday, èmi ni o máa kọ́kọ́ ṣá." Ó dúró. Ó tutọ́ sínú omi, ó sì yí padà. Ènìyàn mẹ́fà ló kú níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ará Ẹ̀yìn-Òsà wá gba ẹ̀san. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n da epo sí àwọn òpó tó gbé ilé wa dúró, wọ́n ṣáná sí i, ẹni tó bá sì bẹ́ sómi, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń gún un lórí padà sísàlẹ̀. Ọkùnrin méjì jóná mọ́lé ní àdúgbò wa. Èmi bẹ́ láti ẹ̀yìnkùlé, mo fara pamọ́ sáàárín gbòǹgbò igi títí wọ́n fi lọ. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wo ìwé mi bí wọ́n ṣe ń jó, ewé wọn ń fò lókè bí ẹyẹ dúdú. N kò sunkún lórí wọn. Lawrence, àbúrò ọkọ mi, ló wá gbé mi wá síbi tí mo wà yìí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Kingsley wá mi wá. Ojú rẹ̀ kan wú, ó ti dì mọ́ra. Mo fún un ní ẹ̀bà, ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ ọwọ́. Ó wá ní, "Àǹtí, ọ̀gágun yẹn, nígbà tí ọ̀tá wá sun ilé rẹ̀, kí ló ṣe tẹ̀ lé e?"

Mo gbé àwo ẹ̀bà náà kúrò níwájú rẹ̀. Mo ní kó lọ fi ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin kò sí nínú rẹ̀ ni?" Ó sì jáde. Ẹyin lohùn, Ọmọ́yẹlé. Tèmi ti bọ́ látọjọ́ tí mo ti mú èédú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókọ̀dá, níbi tí Sàlímátù ti ń ṣe opó lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀. Ó rò pé mo wá kí i ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ pé mo gba ẹ̀mí òun là. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dúpẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìwé, omi tó fà, odò tí mo yà sílẹ̀, ìka mi. Ó gbọ́ ọ tán. Ó dìde, ó fa àjẹ̀ kan yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì nà mí. Èkíní bà mí léjìká. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún bo orí, èkejì bà á, mo sì gbọ́ egungun mi tó dá bí igi gbígbẹ. N kò sá. Àwọn ará ilé ló dì í mú kó tó na ẹ̀kẹta.

Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ mọ̀wé. Ọkọ mi kò mọ̀ ọ́n tó yín. Ẹ jókòó kí ẹ kọ orúkọ wọn."

Wọ́n gbé bébà àti bírò fún mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́, torí ọ̀tún ti wú bí iṣu. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí náà fi rí wọ́gọwọ̀gọ bí ìwé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Orúkọ mọ́kànlá ni. Ti Kingsley ni mo kọ́kọ́ kọ, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá fi í sẹ́yìn, n kò ní kọ ọ́. Mo kọ orúkọ tèmi náà àti ohun tí mo ṣe. Sàlímátù fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ti mú mẹ́jọ nínú wọn báyìí.

Ọlálẹ́yẹ ẹ̀gbọ́n mi wá síbí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò jókòó, kò gba omi. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ní láti òní lọ òun kò ní àbúrò. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ti lọ kí n tó dìde. N kò bá a wí. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn.

Ọjọ́ Tuesday tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí ní kóòtù ní Òkìtìpupa. Lọ́yà kan tí Lawrence bá sọ̀rọ̀ ní bí mo bá mẹ́nu kan odò tí mo yà, wọ́n lè fi mí kún àwọn ọ̀daràn. Màá sọ ọ́. Má wá bẹ̀ mí pé kí n má lọ, ọ̀rẹ́ mi. Bó o bá fẹ́ wá, wá jókòó sí kóòtù, sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàlímátù, má jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Kò ní ẹni púpọ̀.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ fún ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Kingsley, ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá yà sí èbúté tiwa níbí láti gba epo. Gbogbo ìlú jáde wò ó, èmi náà jáde. Wọ́n ti dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà létí rẹ̀. Ó rí mi láàárín èrò, ó sì lọgun, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi!" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo rìn dé bèbè omi kó lè gbọ́ mi dáadáa. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Kingsley. Mo ti kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi fi ọwọ́ pa àwọn ọmọ-ọmọ rẹ lórí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí irú èyí tí ojú mi rí.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà èwe, tí kò ní ẹlòmíràn tó lè kọ irú èyí sí,

Moríkẹ́.