Ajolote Funfun Tí O Fi Ránṣẹ́ Sílé

Amparo, àbúrò mi tí mo tọ́ bí ọmọ láti ìgbà tí ìyá wa ti lọ,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìgboro. Kí Wúńdíá Mímọ́ ti Guadalupe má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ gbé ọ kọjá ibi tí o fẹ́ sọ̀. Àgbàdo ti yọ, odò ò gbẹ, ajá wa sì ti bímọ.

Ajolote, ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí o fi ránṣẹ́ nínú àpótí gíláàsì, ti dé, ṣùgbọ́n ó ṣe mí láàánú. Àwọn tiwa nínú odò, dúdú bí ẹrẹ̀ ni wọ́n. Tìrẹ funfun, ìyẹ́ etí rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kí lo fi ń bọ́ ọ? Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, mo ti pa á, torí n kò rí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹja rí.

Àǹtí Refugio, àbúrò bàbá wa, ní kí n jẹ́ kí àwọn fi se oògùn ikọ́. Mo ní rárá, nǹkan Amparo ni. Wọ́n ní olórí kunkun ni mí, ṣé ohun tó funfun bí òkú ni mo fẹ́ máa sìn ni, pé bí kò bá dúdú kí àjọ̀dún Gregorio Mímọ́ ìlú wa tó dé, inú ìkòkò ló ń lọ.

O mọ̀ pé bí irúgbìn bá funfun lórí ebè, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò la fi ń wò ó sàn. Mo da ẹrẹ̀ sínú gíláàsì. Omi dúdú, inú mi dùn. Nígbà tí ẹrẹ̀ wálẹ̀, ó ṣì funfun, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí mi.

O ní kí n má tú u sódò. N kò tú u sódò. Kòtò omi ẹ̀yìn oko ni mo gbé e sí, mo fi àwọ̀n dí i, mo sì fi akọ dúdú kan tì í kó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúdú. Kò kọ́ nǹkan kan. Àjọ̀dún kù fẹ́ẹ́fẹ́, Àǹtí ti ń fọ ìkòkò, ni mo rí àwọn ọmọ wẹẹrẹ lábẹ́ koríko, gbogbo wọn dúdú! Àǹtí wò wọ́n títí, wọ́n ní ó dáa, oògùn ẹrẹ̀ ti jẹ́, ara ọmọ ló gbà yọ. Wọ́n lọ fi ewé se oògùn ikọ́ wọn.

Ìyá wọn ṣì funfun o, n kò ní purọ́ fún ọ. Fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, torí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ ń jẹ ekòló ju bí mo ṣe lè wà á lọ. Ìwọ náà, wá kí wa kí àwọ̀ rẹ tó ṣí. Bí ìgboro bá sì ti mú ọ kọjá àtúnṣe, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ tí o máa bí jọ ará ilé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Fidencio